Rírìn lẹ́bàá omi Lọ́kọ́ja: oṣù wo, ọ̀nà wo, kí ni ká ṣọ́ra fún?

Ọmọ_Ìjùmú

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa mẹ́fà la fẹ́ ti Kábà wá sí Lọ́kọ́ja, ká fi ẹsẹ̀ rin etí Odò Ọya láti apá Natako títí dé Ganaja, ká sì rí ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ọmọ ọdún 14 kan wà nínú wa. Ẹ bá mi dá sí i: oṣù wo ló dára, ṣé etí omi gan-an la máa tọ̀ àbí títì, kí ló sì yẹ kó wà nínú báàgì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní "ẹ ṣọ́ra". Ẹ sọ ohun tá a máa ṣọ́ra fún àti ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Adankolo

Òkun, àbúrò. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí ló máa sọ oṣù tẹ́ ẹ máa wá. Ní Lọ́kọ́ja, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni omi máa ń kún jù. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ló máa ń fà jù. Bèbè tẹ́ ẹ fẹ́ rìn yẹn, abẹ́ omi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń wà ní oṣù kẹwàá. Àkúnya 2012 àti ti 2022 tiẹ̀ gba títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá lápá Kotonkarfe, ọkọ̀ ò ríbi gbà.

Fún ìrìn etí odò, àárín oṣù kìíní sí ìparí oṣù kejì ni mo máa yàn. Yanrìn ti yọ, ẹrẹ̀ ti gbẹ dé ìwọ̀n, ooru oṣù kẹta tó ń bó èèyàn láwọ ò sì tíì dé. Àmọ́ ọyẹ́ ń bẹ níta nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá gun Òkè Patti, tó ga tó nǹkan bí mítà 458, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eruku nìkan lẹ máa rí. Ẹni tó bá fẹ́ wo àpàdé odò méjèèjì látòkè, ìparí oṣù kẹwàá sí ìdajì ìkọkànlá ni kó wá: òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ọyẹ́ ò tíì wọlé, omi sì ṣì pọ̀. Ọ̀nà ọ̀dà ló gun òkè náà dé ilé Lugard àti ìdí igi oṣè, ìyẹn ò le. Ìrìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ má gbìyànjú àtifi ọjọ́ kan ṣe méjèèjì.

Ẹ má sì retí pé wọ́n fi rúlà fa ìlà sáàárín Ọya àti Bẹ́núé. Ẹrẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé wá àti bí wọ́n ṣe ń sáré yàtọ̀ síra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó pò pọ̀. Láwọn ọjọ́ kan àwọ̀ wọn á yàtọ̀ kedere, ọjọ́ mìíràn ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀.

Olùwọnmi

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Kí n fi ti ìdídò kún un, torí àwọn èèyàn rò pé lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, omi ò lè gòkè mọ́. Ó lè gòkè. Ọya tó ń kọjá ní Lọ́kọ́ja, ìdídò Kainji (1968) àti Jebba (1984) ló ń dá a dúró lókè, Shiroro wà lórí odò Kàdúná tó ń ṣàn wọnú rẹ̀. Lórí Bẹ́núé, ìdídò Lagdo wà ní Kamẹrúùnù. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn omi lókè, ìsàlẹ̀ máa gbọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí ojú ọ̀run yín tiẹ̀ mọ́ rokoṣo. Nítorí èyí, ẹ má pàgọ́ sùn sórí erékùṣù yanrìn. Kẹ́ ẹ tó jókòó jẹun létí omi, ẹ ki igi tín-ín-rín kan bọ yanrìn ní ibi tí omi fẹnu kan. Tẹ́ ẹ bá parí oúnjẹ tí omi ti kọjá igi yẹn, ẹ dìde ẹ kúrò.

Pákó ìwọnmi tẹ́ ẹ bá rí létí odò náà ń ṣi èèyàn lọ́nà. Mítà ni nọ́ńbà ńlá, ìdá mẹ́wàá mítà ni àwọn kékeré. Òdo tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ìsàlẹ̀ odò. Ibì kan tí wọ́n yàn láti máa kà ni. Bó bá ka 5, kò túmọ̀ sí pé omi jìn ní mítà 5, ó lè jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tó wúlò fún arìnrìn-àjò ni pé kó kà á láàárọ̀, kó tún kà á nírọ̀lẹ́, kó mọ̀ bóyá omi ń gòkè tàbí ó ń fà. Àjọ NIHSA máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ àkúnya jáde lọ́dọọdún, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́.

Ará_Ọ̀wọ́rọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ Ọya nìkan, ẹ ti gbàgbé àgbàrá. Ìlú yìí há sáàárín òkè àti odò. Patti wà ní ìwọ̀-oòrùn, Ọya wà ní ìlà-oòrùn, gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta ló ń gba ojú àgbàrá la àdúgbò kọjá wá sódò. Tẹ́ ẹ bá ń tọ bèbè, ẹnu àgbàrá wọ̀nyí lẹ máa máa bá pàdé, ibẹ̀ gan-an ló le jù nínú gbogbo ìrìn náà.

Ẹ má sọdá lẹ́nu àgbàrá, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí omi àgbàrá ti dẹwọ́ eré nìyẹn, ibẹ̀ ló ń da ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí rẹ̀ sí. Ó lè gbẹ lójú kó rọ̀ bí àkàmù nísàlẹ̀. Nínú ìdọ̀tí yẹn, ìgò tó fọ́ àti irin wà níbẹ̀. Ẹ padà sókè lọ sí kọ́fátì tàbí afárá títì, ẹ sọdá níbẹ̀, kẹ́ ẹ tún sọ̀ kalẹ̀. Ó máa fi ìrìn kún ìrìn, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ má dúró nínú ojú àgbàrá rárá, ẹ má sì gba abẹ́ kọ́fátì. Òjò lè má kán sára yín, kó sì ti rọ̀ lórí òkè. Àpáta kì í mu omi, nítorí náà kò ní pẹ́ kó tó dé. Ẹ ó kọ́kọ́ rí ewé àti ọ̀rá tó léfòó, omi tó mọ́ á yí sí pupa, ẹ ó wá gbọ́ ariwo. Kọ́fátì tí ọ̀rá àti ìdọ̀tí ti dí, omi á gba orí títì, ẹsẹ̀ ò sì ní mọ ibi tí gọ́tà wà lábẹ́ rẹ̀. Inú gọ́tà tí kò ní ìdérí lèèyàn ń já sí.

Mi ò sì fara mọ́ Natako sí Ganaja. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ganaja, kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá sáàárín ìlú. Apá Ganaja tẹ́jú, kò ní ibòòji. Aago 7 òwúrọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá fi máa mú, ẹ ti dé ibi tí igi wà, tí omi tútù wà, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá sì wà fún ẹni tó bá rẹ̀. Ẹ lè parí ẹ̀ ní ọjà Kpata, kẹ́ ẹ ra ẹja.

Ẹ̀gbọ́n_Adankolo

Ó dáa lórí ti ibòòji, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni odò wà. Ní aago 7 sí 9, oòrùn wà lójú omi, ó ń ta yanranyanran sójú èèyàn: fọ́tò àpàdé odò á funfun báláú, ojú á sì máa ro. Ọ̀sán tí oòrùn bá ti yí sẹ́yìn Patti ni ojú omi máa ń hàn. Ẹni tó torí wíwo wá, Natako sí Ganaja ló bá a mu. Ẹni tó torí rírìn wá, kó tẹ̀ lé Ará_Ọ̀wọ́rọ̀.

Nítorí ọmọ ọdún 14 yẹn, kí n fi díẹ̀ kún un. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo omi yẹn, ẹ sọ fún un pé odò yìí ni Àjàyí Crowther bá wọkọ̀ gòkè ní 1841, ṣáájú kó tó di bíṣọ́ọ̀bù, àti pé ìlú Lọ́kọ́ja yìí ni wọ́n ti fa àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 1900. Omi ni ọ̀nà nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dó síbí.

Àgbẹ̀_Fàdámà

Ẹrẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká sọ. Lẹ́yìn tí àkúnya bá fà, ó máa ń fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ sí fàdámà, ìyẹn ilẹ̀ títẹ́jú etí odò. Ojú rẹ̀ á gbẹ, á là wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èèyàn á rò pé ó ti le. Ẹ mú ọ̀pá tó ga dé èjìká. Ẹ gún un sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára ọwọ́ kan: tó bá wọlé ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ẹ gba ibòmíràn. Ibi tí koríko ti hù dé orúnkún sábà máa ń le. Ibi tó wà ní ìhòòhò tó ń dán ló ń gbé èèyàn mì. Ẹsẹ̀ kan bá wọ̀, ẹ má fi èkejì tì í. Ẹ jókòó sẹ́yìn kí ara lè tẹ́ sórí ilẹ̀, ẹ máa mi ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí omi lè wọ àyè tó yí i ká, ẹ wá fà á jáde. Ohun tó ń dè é mọ́lẹ̀ ni pé kò sí afẹ́fẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fífà pẹ̀lú agbára fi ń bọ́ bàtà, tí kì í yọ ẹsẹ̀.

Bèbè tó ga: ẹ jìnnà sí etí rẹ̀ ní ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Bèbè mítà 2, mítà 4 lẹ máa fi sílẹ̀. Omi ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó wà lókè mọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ilẹ̀ tó là gbọọrọ ní ìdọ́gba pẹ̀lú odò, apá tó wà lọ́dọ̀ omi ti ṣetán láti wó.

Ọ̀rọ̀ oko náà ń bẹ. Ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ló wà ní fàdámà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ yẹn ló ń bọ́ ẹni tó gbìn ín. Ẹ kí i, ẹ béèrè ọ̀nà, orí ebè ni kẹ́ ẹ máa gbà, ẹ má tẹ àárín poro ìrẹsì. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá kí dáadáa máa fi ibi tó rọ̀ hàn yín ju máàpù èyíkéyìí lọ.

Ọmọ_Ìjùmú

Ẹ ṣeun gan-an. Bàtà ńkọ́? Ẹnì kan ní ká ra bàtà òjò onírọ́bà. Ṣé a lè gun erékùṣù yanrìn? Àti máàpù: ṣé ti orí fóònù tó?

Olùwọnmi

Bàtà òjò, rárá o. Tí omi bá wọ inú rẹ̀, ó di garawa lẹ́sẹ̀. Kánfáàsì tó ní okùn, tó ń jẹ́ kí omi jáde, ló dára. Sálúbàtà tí kò dé gìgísẹ̀ náà, ẹrẹ̀ á gbà á.

Erékùṣù yanrìn ní orí àti ìdí. Apá òkè odò máa ń dagun díẹ̀díẹ̀, apá ìsàlẹ̀ odò máa ń já wàà sínú ibú, torí omi ń ti yanrìn gun orí rẹ̀, ó sì ń dà á sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń rìn tẹ̀ lé omi lórí yanrìn á máa rí omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan péré, kò sí ilẹ̀ mọ́. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ ṣeré níbẹ̀. Ibi tí àwọn awayanrìn ti ṣiṣẹ́ tún burú jù: kòtò tí wọ́n gbẹ́ ní etí tó dúró ṣánṣán, omi tó pọ́n sì bò ó.

Máàpù fóònù: ẹ gbé áàpù OsmAnd tàbí irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kẹ́ ẹ ti wa máàpù rẹ̀ sórí fóònù láti ilé. Ìlà búlúù tí máàpù fi fa odò, ìgbà kan ni wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ látòkè, ẹ ò mọ oṣù wo. Àkúnya kọ̀ọ̀kan ló ń ṣí yanrìn nípò. Ẹ fi máàpù wá títì, afárá àti kọ́fátì, torí àwọn yẹn kì í rìn. Ẹ má fi wá etí omi. Kílómítà 4 ní wákàtí kan ni ìrìn títì, nínú yanrìn gbígbẹ ó máa wá sí nǹkan bíi 2. Ìyẹn lẹ máa fi ṣírò àkókò.

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà

Ẹ jọ̀ọ́, omi tó dúró tàbí tó ń rìn jẹ́jẹ́, tí koríko wà nínú rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ láìnídìí. Ìgbín omi kékeré ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Awọ ara ló ń gbà wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èèyàn ò ní mọ̀. Láti bí aago 10 sí aago 2 ọ̀sán ló máa ń pọ̀ jù nínú omi. Fífi tówẹ̀lì nura kíákíá ò dájú pé ó máa gbà yín. Ẹni tó bá wọ irú omi bẹ́ẹ̀, kó lọ yẹ ìtọ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kódà bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni praziquantel, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Sòbìà ní tirẹ̀ ti tán ní Nàìjíríà, àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2013, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn já ọmọ láyà.

Omi mímu: lítà 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e láti ilé. Omi odò, ẹ jẹ́ kó hó yàà fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó mu ún. Bí òòyì bá kọ ẹnì kan tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹ jókòó sí ibòòji: lítà omi 1, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tó tẹ́jú, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Tí iyọ̀ bá ju ìyẹn lọ, ó máa dá kún ìpalára.

Ará_Ìyàgbà

Ẹ dákun, ṣé èyí wúlò fún odò ilé wa náà? Oyi àti Kampe kò fẹ̀ tó Ọya, a máa ń fi ẹsẹ̀ sọdá.

Olùwọnmi

Ó wúlò, níbẹ̀ gan-an lẹ lè fojú ara yín wọn omi. Ẹ wá ibi tó tọ́, ẹ wọn mítà 20 létí rẹ̀. Ẹ ju ọsàn sáàárín omi díẹ̀ sókè àmì àkọ́kọ́, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí tó fi dé àmì kejì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ pín in dọ́gba. Ọsàn ló dára torí púpọ̀ rẹ̀ ń rì, atẹ́gùn ò lè máa tì í bíi ewé. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú àáyá 25: 20 pín sí 25 jẹ́ mítà 0.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú omi ń sáré ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, ó kù 0.68. Tí odò bá fẹ̀ ní mítà 4, tó sì jìn ní mítà 0.3 káàkiri, 4 × 0.3 × 0.68 jẹ́ nǹkan bíi mítà kúbíkì 0.8. Lítà 800 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àgbá epo ńlá 4.

Fún sísọdá, ibi tó jìn jù ni kẹ́ ẹ fi ṣírò: ìjìn lọ́nà eré omi. Tó bá ju 0.4 lọ, ẹ má sọdá. Omi orúnkún (0.5) tó ń sáré ní mítà 1, ó ti jẹ́ 0.5, ó lè gbé èèyàn. Tó bá sì jẹ́ omi àkúnya tó pọ́n, ẹ má tiẹ̀ ṣírò, ẹ padà. Ẹni tó bá ń sọdá, kó tú bẹ́líìtì báàgì ní ìbàdí, kó kọjú sí òkè odò, kó fi ọ̀pá siwájú, kó máa fẹsẹ̀ wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ láìgbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà

Ní ibi tí omi ti ń já lórí àpáta, eṣinṣin dúdú kékeré tó ń fa àrùn ojú wà níbẹ̀, ọ̀sán ló ń jẹni. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ má sì kọ oògùn Mectizan tí wọ́n ń pín lábúlé. Àti pé àwọn odò kan nílé wa ní èèwọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ìlú kẹ́ ẹ tó kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ọmọ_Ìjùmú

Ó ti yé mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kìíní, Ganaja ní aago 7, àgbàrá kọ̀ọ̀kan la máa gba orí kọ́fátì kọjá, ọ̀pá kan fún ẹni méjì, Kpata ní ọ̀sán. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ lọ wo àpàdé odò nígbà tí oòrùn bá ti wà lẹ́yìn wa.

Ẹ̀gbọ́n_Adankolo

Ọ̀pá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà lẹ́yìn náà lè rì. Aago 5 ti pẹ́ jù: ilẹ̀ máa ń ṣú ṣáájú aago 7, NIWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ò fẹ́ ìrìn òru lórí omi, tí ẹ́ńjìnì bá sì kú, ìsàlẹ̀ odò lomi ń gbé yín lọ. Ẹ wọkọ̀ ní aago 3, kẹ́ ẹ padà ní 4 ààbọ̀. Láífù jákẹ́ẹ̀tì ọmọ yẹn, ẹ dè é tán nílẹ̀, kẹ́ ẹ mú un ní èjìká méjèèjì ẹ fà á sókè: tó bá kọjá àgbọ̀n rẹ̀, ó tóbi jù, ẹ gba òmíràn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ onígi lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti jókòó. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá ga ju omi lọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta, kẹ́nì kan sọ̀ kalẹ̀. Ibùdókọ̀ tí ìjọba ń ṣọ́ sì wà níbẹ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò.

Ará_Ọ̀wọ́rọ̀

Ẹ béèrè bí ọ̀nà Kábà ṣe rí lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ ò rin ín lálẹ́. Ẹja Kpata, ẹ ra á ṣáájú kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èyí tó kù ti rọ̀.